Ojú Mọ́mì Lọ́jọ́ tí Swami Wá

Ohùn ni mo fi kọ́kọ́ mọ ilé náà. Nínú basement, ìsàlẹ̀ ilé, là ń gbé, ní Cornerstone, àdúgbò tuntun kan ní Calgary, nígbà tí àwọn ilé tó yí wa ká ṣì ń rùn fún ọ̀dà tuntun, gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè orí wa sì máa ń dé etí wa kó tó dé ojú wa. Màmá Òkè ni à ń pe ìyá onílé wa, obìnrin kékeré kan tí ọkọ wọn ti kú, tí wọ́n ti Gujarat ní India wá gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Mo mọ ẹsẹ̀ Màmá Òkè yàtọ̀ sí ti ọmọ wọn, torí pé wọ́n máa ń wọ́ ti òsì nílẹ̀ díẹ̀. Mo mọ ìgbà tí wọ́n bá ń yí igi lórí ìyẹ̀fun láti ṣe búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, mo sì mọ agogo kékeré tí wọ́n máa ń mì ní ìdájí níwájú àwọn ère tí wọ́n tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan. Agogo yẹn ló ń jí èmi àti Kóredé àbúrò mi. Àsìkò yẹn náà ni Mọ́mì máa ń ti ọsibítù dé, níbi tí wọ́n ti ń ṣe nọ́ọ̀sì lóru. Wọ́n á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé, wọ́n á fi ẹnu jẹ́jẹ́ sọ pé "Blood of Jesus" nítorí agogo náà, wọ́n á sì gbé omi tíì kaná. Kò sí ìjà nínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ nílé wa nìyẹn, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń mọ́ nílé gbogbo èèyàn.

Bí ohùn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa, bẹ́ẹ̀ ni òórùn tiwa ń gòkè lọ bá wọn. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná wà ní ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ihò tó fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sì gba inú ògiri lọ sí gbogbo yàrá, débi pé bí ẹ bá ti da epo sínú ìkòkò nísàlẹ̀, ará òkè ti mọ irú ọbẹ̀ tí ẹ fẹ́ sè. Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé kọ́bọ́ọ̀dù àwọn ère Màmá Òkè wà lórí ibi ìdáná wa gan-an. Ayálégbé tí kì í fẹnu kan ẹran rárá ni wọ́n ń wá. Ọmọ wọn, Uncle Nilesh, tí òun àti Dádì jọ máa ń wọ train lọ síbi iṣẹ́ ní Downtown, ló bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà wá, Dádì sì búra pé ẹran màlúù kò ní wọ ilé náà láéláé. Ẹni tó bá mọ Dádì á mọ̀ pé ìbúra ńlá nìyẹn. Bí ṣàkì ò bá sí nínú ọbẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń fi ṣíbí wá inú abọ́ bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù. Adìẹ àti ẹja là ń jẹ nílé. Nígbà tó bá sì ká Dádì lára tán, wọ́n á wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn ní Chestermere, ìlú kékeré kan nítòsí, wọ́n á jẹ màlúù lọ́hùn-ún, wọ́n á fọ ẹnu kí wọ́n tó padà. Mọ́mì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ ẹlòmíràn ń yọ́ lọ sọ́dọ̀ àlè, ọkọ tòun ń yọ́ lọ sọ́dọ̀ pọ̀nmọ́.

A ò kàn ń fara da ìyẹn lásán. Basement tí a kọ́kọ́ gbé nígbà tí a dé Calgary tutù rinrin, nǹkan dúdú kan sì máa ń hù lára ògiri rẹ̀ tí a bá ń nù ún tó tún ń yọ. Kóredé kò lè sùn níbẹ̀. Àyà rẹ̀ máa ń dún fíìn-fíìn bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ fèrè tó ti ya, Mọ́mì á gbé e jókòó, wọ́n á fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn, àwọn méjèèjì á sì máa wo ara wọn. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí a sùn ní Cornerstone, ọmọ náà sùn mọ́jú láìhúkọ́. Nígbà tí Mọ́mì ti ibi iṣẹ́ dé tí wọn ò gbọ́ ohùn rẹ̀, ìbẹ̀rù mú wọn, wọ́n sáré lọ gbé etí lé imú rẹ̀. Mo ń wò wọ́n láti orí ibùsùn tèmi. Ó ń mí. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, wọ́n sì ń sunkún ayọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ilé gbígbẹ yẹn kì í ṣe ilé tí a lè fi ṣeré.

Nígbà Kérésìmesì, Mọ́mì dín puff-puff fún Màmá Òkè. Wọn ò fi ẹyin sí i, epo tuntun ni wọ́n fi dín in, inú ìkòkò tí ẹran kò wọ̀ rí ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì fi aṣọ funfun bò ó kí wọ́n tó ní kí n gbé e gòkè. Màmá Òkè fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, èmi àti Mọ́mì jọ lọ da ilẹ̀ nù. Green bin, garawa tí wọ́n ń da oúnjẹ tó bàjẹ́ sí, ẹyọ kan la ní, òkè àti ìsàlẹ̀ la jọ ń lò ó. Mọ́mì ṣí i. Puff-puff wa ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, tó ti dì gbagidi bí òkúta nínú snow. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n da tiwa lé e lórí, wọ́n sì dé garawa náà padà. Ohun tí wọ́n sọ fún mi kò ju pé òtútù ń mú, kí n wọlé. Inú bí mi gan-an, mo fẹ́ lọ sọ fún Dádì, ṣùgbọ́n Mọ́mì fi ojú pa mí lẹ́nu mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ojú yẹn kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé yín. Ọmọ Yorùbá tó bá ní ẹ̀kọ́ ilé kì í wo oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ nílé onílé. Ojú ìyá rẹ̀ ló máa ń wò. Bí Mọ́mì bá rọra sọ ìpéǹpéjú wọn kalẹ̀, ìyẹn ni pé gbà á, kí o sì dúpẹ́. Bí wọ́n bá fẹ ojú díẹ̀, tí wọ́n wá mú un kúrò lára rẹ bí ẹni pé wọn ò mọ̀ ẹ́ rí, o ti yó nìyẹn, bí ebi tiẹ̀ ń pa ọ́ kú. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ojú Mọ́mì sì lè sọ̀rọ̀ láti ìpẹ̀kun ṣọ́ọ̀ṣì kan dé ìpẹ̀kun rẹ̀ kejì. Ọmọ tèmi lónìí, tó ń lọ sí daycare, mo fẹ ojú sí i níbi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó pariwo láàárín èrò pé, "Mommy, what's wrong with your eye?" Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo délé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Mọ́mì, wá bá wa láti Ìlá nígbà tí snow yọ́ tán, kí wọ́n lè bá Mọ́mì mójú tó wa. Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, ẹ̀sìn Mọ́mì sì gbóná ju tiwọn lọ dáadáa. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dé ni Dádì bọ́ sílé lálẹ́ ọjọ́ kan tí ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì. Uncle Nilesh ti bá wọn sọ̀rọ̀ nínú train. Swami kan ń bọ̀, ẹni tó ti yọwọ́ nínú ayé, tí kò ní ilé tí kò ní aya, tó ń rìn láti ìlú dé ìlú láti kọ́ àwọn èèyàn wọn ní ọ̀nà Ọlọ́run. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa wà nílé wa láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Màmá Òkè sì ti sọ pé àwọn ní ìbéèrè kan fún wọn: ṣé ó tọ́ kí àwọn tó ń jẹ ẹran máa gbé lábẹ́ ibi tí òun ti ń bọ Ọlọ́run? Ohun tí Swami bá sọ náà ni wọ́n máa ṣe. Bó bá ní ká lọ, a ó lọ. Dádì ní ojú ń ti Uncle Nilesh débi pé wọn ò lè wo ojú àwọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mọ́mì kàn na ọwọ́, wọ́n sì gbé e lé àyà Kóredé tó ń jẹun lọ́wọ́.

Dádì ṣètò pé ká kúrò nílé lọ́jọ́ náà. A ó ti àárọ̀ lọ sí Chestermere, kò ní sí òórùn, kò ní sí ariwo, ẹnikẹ́ni kò ní rántí pé àwọn kan wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kò sì dáwọ́ dúró. Òjò Calgary kì í sábà rọ̀ bí ti ilé, á kàn kán díẹ̀, á sì lọ. Èyí wá pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, a ti wọ bàtà tán nígbà tí ọ̀rẹ́ Dádì pè lórí fóònù pé omi ti gba ojú ọ̀nà lọ́dọ̀ àwọn, kí a má dán an wò. Dádì dúró pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń wo fèrèsé kékeré tó wà lókè ògiri, níbi tí omi ti ń ta lu gíláàsì. Ìyá Àgbà tú gèlè wọn. "Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ," ni wọ́n wí. "Ẹ bọ́ bàtà yín."

Ọjọ́ yẹn gùn. Mọ́mì ní a ò gbọ́dọ̀ dá iná, àlùbọ́sà pàápàá a ò gbọ́dọ̀ bó, nítorí ihò ògiri náà. Búrẹ́dì àti tíì la jẹ láàárọ̀, òun náà la jẹ lọ́sàn-án. Lókè, ilẹ̀kùn ń ṣí, ó ń tì, ẹsẹ̀ ń pọ̀ sí i, títí tí mi ò fi lè mọ ti Màmá Òkè láàárín wọn mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹnì kan á dá a, gbogbo wọn á gbè é, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa lu ṣaworo kékeré kan tó ń dún ṣìnṣìn, àjà ilé wa á sì máa gbọ̀n. Lẹ́yìn orin, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́, ohùn ọkùnrin arúgbó kan á máa sọ̀ kalẹ̀ láti inú ihò ògiri, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Mọ́mì ti iṣẹ́ dé, wọ́n dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn là sílẹ̀ kedere. Mo mọ̀ pé wọ́n ń gbàdúrà torí pé ètè wọn ń mì. Dádì ń rìn láti ibi ìdáná dé ẹnu ọ̀nà. Èmi ń tẹ́tí sí àyà Kóredé, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ìbéèrè yẹn ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́lọ́wọ́, tí a ò sì gbọ́ èdè wọn.

Ìyá Àgbà nìkan ni ara tù. Wọ́n ń fi orí gbe orin òkè lẹ́sẹ̀, Mọ́mì sì dìde jókòó, wọ́n ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Orin òrìṣà nìyẹn." Ìyá Àgbà ní àwọn ò kọ ọ́, orí àwọn ló ń mì. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti agbo ilé wọn ní Ìlá, níbi tí alùfáà mùsùlùmí kan ti bá wọn gbé yàrá kejì sí tiwọn. Nínú oṣù àwẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í gún iyán lọ́sàn-án nínú agbo ilé náà, kí ohùn odó má bàa dá ẹni tí ebi ń pa lágara. Kò sí ẹni tó ṣòfin rẹ̀. Bàbá wọn, tó jẹ́ díákónì, á dúró di ìrọ̀lẹ́ kó tó béèrè iyán. "Gbogbo ilé ló ní èèwọ̀ tirẹ̀, Àjọkẹ́," ni wọ́n sọ fún Mọ́mì. "Nílé bàbá mi, a kì í jẹ òkété. Ṣé ẹni tó ń jẹ òkété wá di ọ̀tá mi ni?" Mọ́mì ní ẹni tó ń jẹ òkété kò gbé e síwájú ère kó tó fún yín jẹ. Orí Ìyá Àgbà kò mì mọ́.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí a gbọ́ pé wọ́n kan ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn inú ilé, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Uncle Nilesh ni, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọn ò wọ bàtà. Wọ́n ní ìyá àwọn ló rán àwọn. Màmá Òkè ní níwọ̀n bí òjò ti dá wa dúró sílé, kò dára kí ará ilé wà nísàlẹ̀ nígbà tí àlejò ńlá wà lókè, kí a wá kí Swami. Dádì ti ń wá sọ́ọ̀sì tó mọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Ní ìdí àtẹ̀gùn, Mọ́mì dá èmi àti Kóredé dúró. Wọ́n ní ká kí wọn dáadáa. "Bí wọ́n bá gbé nǹkan jíjẹ wá," ni wọ́n wí, "ojú mi ni kí ẹ wò." Kóredé ní, "But what if it's candy?" Mọ́mì gba iwájú.

Òórùn tùràrí pàdé wa pẹ̀lú òórùn sọ́ọ̀sì tútù. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà bí òkìtì, omi ń jò lára wọn. Àwọn èèyàn jókòó sórí aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ káàkiri pálọ̀, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì, ọ̀pọ̀ wọn sì yíjú wò wá. Swami wà lórí àga kúkúrú kan. Arúgbó tín-ín-rín ni, aṣọ wọn pọ́n bí ọsàn tó pọ́n, ṣùgbọ́n sọ́ọ̀sì olówùú nípọn aláwọ̀ eérú ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, irú èyí tí Dádì máa ń wọ̀ nígbà snow gan-an. N kò mọ ìdí tí sọ́ọ̀sì yẹn fi dín ẹ̀rù mi kù. Ìyá Àgbà rọra fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́run, bàbá." Dádì fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Mọ́mì, tí eékún wọn máa ń balẹ̀ fún gbogbo àgbàlagbà, rọra tẹ̀ ẹ́ débi àbọ̀, wọ́n sì dúró níbẹ̀. Swami pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, wọ́n tẹ orí ba fún gbogbo wa bákan náà. A jókòó lẹ́bàá ògiri, Uncle Nilesh sì ń túmọ̀ fún wa wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ahọ́n ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Swami ní nínú gbogbo ẹ̀yà ara, ahọ́n ló ṣòro jù láti so mọ́lẹ̀, nítorí iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, ó ń jẹun, ó sì ń sọ̀rọ̀, inú méjèèjì ni ó sì ti ń ti èèyàn sínú ọ̀fìn. Òjò ń lu òrùlé débi pé nígbà mìíràn Swami á dúró kí ó lọ sílẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, Màmá Òkè gbé àwo ńlá kan sílẹ̀ kúrò níwájú kọ́bọ́ọ̀dù àwọn ère. Ohun dídùn kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òrí wàrà màlúù ṣe róbótó róbótó. Prasad ni wọ́n ń pè é, oúnjẹ tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé síwájú Ọlọ́run wọn. Wọ́n ń pín in lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa. Dádì gba tiwọn, wọ́n sì gbé e mì kíá bí ẹni ń lo oògùn ibà. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì gba tiwọn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì dì í mọ́ etí ìró wọn bí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ tó bá yá, nítorí àgbà kì í wá ọ̀nà àbáyọ tì. Màmá Òkè wá gbé àwo náà síwájú mi.

Mo wo ojú Mọ́mì. Mo mọ ohun tí mo ń retí. Ilé gbígbẹ yẹn wà nínú àwo náà, àti oorun Kóredé, mo sì rò pé lẹ́ẹ̀kan péré, ìpéǹpéjú wọn á wálẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ojú Dádì ń bẹ̀ mí pé gbà á, gbà á. Mọ́mì fẹ ojú díẹ̀. Wọ́n sì mú un kúrò lára mi.

Mo di ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn. Mo ní, "No, thank you, Ma." Àwo náà kò kúrò níwájú mi. Ẹnì kan lára àwọn obìnrin náà sọ nǹkan kan tí gbogbo wọn fi kùn. Màmá Òkè yíjú sí Swami, wọ́n sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tó gùn. Uncle Nilesh tẹ orí ba, wọn ò túmọ̀. Swami ní kí wọ́n túmọ̀ ọ́. Uncle Nilesh wá ń wo ilẹ̀, wọ́n ní ìyá àwọn ní: Swamiji, ẹ ti fojú yín rí i báyìí, oúnjẹ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ̀, ṣé ó tọ́ kí irú wọn máa gbé lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀?

Ìbéèrè náà ti jáde. Mo gbọ́ tí Dádì mí kanlẹ̀. Swami wá béèrè pé, kí ni ọmọ yìí ń wò kó tó kọ̀ ọ́? Uncle Nilesh ò mọ̀. Mọ́mì ló dìde dúró. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe rántí rẹ̀ nìyí: "Èmi ló ń wò, sà. Níbi tí a ti wá, ọmọ kì í jẹ nǹkan láìwo ojú ìyá rẹ̀. Èmi ni mo ní kó má gbà á. Kì í ṣe pé mo fẹ́ rí Màmá fín. Èmi kì í jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú Ọlọ́run mìíràn, mi ò sì lè kọ́ ọmọ mi pé kó jẹ ẹ́ nítorí ilé." Wọ́n jókòó padà. Kóredé di ọwọ́ wọn mú, Uncle Nilesh sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Swami.

Swami yọ awò ojú wọn, wọ́n fi aṣọ wọn nù ún. Wọ́n wá bi Màmá Òkè ní ìbéèrè kan, jẹ́jẹ́. Màmá Òkè gbé àwo náà sílẹ̀. Swami tún bi wọ́n. Uncle Nilesh túmọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn: Swami ń béèrè bóyá ìyá àwọn ti jẹ nǹkan kan rí látọwọ́ àwọn ará ìsàlẹ̀. Màmá Òkè sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, wọn ò sì gbé ojú sókè. Uncle Nilesh wo ìyá wọn bí ẹni tí kò gbọ́ ọ dáadáa. "She says they sent her food at Christmas," ni wọ́n wí. "She says she threw it away."

"I know, Ma," ni Mọ́mì wí. "I saw it."

Màmá Òkè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n wo Mọ́mì, mi ò sì tíì rí ojú àgbàlagbà tó rí bẹ́ẹ̀ rí. Dádì náà ń wo Mọ́mì, nítorí wọn ò gbọ́ ọ rí. Swami ní kí wọ́n túmọ̀ èyí náà fún àwọn, nígbà tí wọ́n sì gbọ́ ọ, wọ́n sọ̀rọ̀. Uncle Nilesh ló ń sọ ọ́ tẹ̀lé wọn: "Láti àárọ̀ ni mo ti ń kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ ahọ́n. Obìnrin yìí mọ ohun tó wà nínú garawa láti ìgbà òtútù, ahọ́n rẹ̀ kò gbé e jáde. Lónìí, ó mọ̀ pé ilé lè bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, kò jẹ́ kí ahọ́n ọmọ rẹ̀ ra ilé fún òun. Ìyá, kí lẹ tún ń bi mí?" Wọ́n ní kí wọ́n dá orin.

Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ká dúró sílé náà. Kò sí ẹni tó ní ká kó jáde pẹ̀lú. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Dádì bínú bí mi ò ṣe rí i rí. Wọ́n ní nítorí ohun dídùn tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, Mọ́mì ìbá ti gbé àyà ọmọ yìí padà sínú òtútù. Mọ́mì ní, "Mo mọ̀, Dádì Ṣadé. Mo mọ̀." Wọ́n jókòó sórí ibùsùn Kóredé, wọ́n sì sunkún, kì í ṣe ti ayọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi rò pé ìgbàgbọ́ ló jẹ́ kó rọrùn fún wọn láti fẹ ojú yẹn sí mi. Ìgbà tí èmi náà di ìyá ni mo tó mọ iye tó ná wọn. Ìyá Àgbà kò bá ẹnikẹ́ni wí. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé jáde sínú òjò, wọ́n sì fọ́ ohun dídùn náà sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ tó sá sábẹ́ fẹ́ǹsì. Wọ́n ní kò sí ẹni tó lè bá ẹyẹ ṣe ẹ̀sìn.

Òjò dá. Fún ọjọ́ mélòó kan, ẹsẹ̀ Màmá Òkè ń lọ, ó ń bọ̀ lókè orí wa, a kò sì mọ ohun tí wọ́n ń rò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ náà dé orí àtẹ̀gùn inú ilé. Ó ń sọ̀ kalẹ̀, ti òsì ń wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa wọ ọ̀dọ̀ wa. Mọ́mì ń dín ẹja lọ́wọ́, wọ́n pa iná kíákíá, ṣùgbọ́n òórùn ti gba ilé kan. Màmá Òkè dúró láàárín rẹ̀, wọn ò fi ọwọ́ bo imú. Máńgòrò ló wà lọ́wọ́ wọn, èyí tí wọn ò bó, tí wọn ò gé, pẹ̀lú omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ lára rẹ̀. Wọ́n nà án sí Mọ́mì.

"No fire," ni wọ́n wí. "No God. Only mango."

Mọ́mì kò na ọwọ́. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn lóru, tí ojú wọn ń pàṣẹ fún wa láti ìpẹ̀kun ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì yí orí sí ibi tí Ìyá Àgbà jókòó sí. Wọ́n ń wo ojú ìyá wọn. Ìyá Àgbà rọra sọ ìpéǹpéjú wọn kalẹ̀. Mọ́mì fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀, eékún wọn balẹ̀ dáadáa, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gba máńgòrò náà.